Wọ́n Ní Gbòǹgbò Àgbàdo Mi Ń Gbàlejò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé oorun ń kún ojú rẹ, ṣé ọ̀gá rẹ ti dín ariwo kù? Ọlọ́run tó ń bá ọ gun ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ yóò máa bá ọ gùn ún bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ débi tí ojú rẹ kò fẹ́ rí. Ẹni tó bá ń wá ọ láti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, yóò gbàgbé òpópónà tí ilé rẹ wà. Àmín.

Bàbá yín ní kí n kí ọ. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà báyìí, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé lẹ́tà ni mò ń kọ, ṣùgbọ́n etí wọn wà lọ́dọ̀ mi. Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá yín, náà kí ọ, wọ́n ní kí o máa jẹun kí o tó jáde, pé fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ọrùn nìkan làwọn rí níbẹ̀.

Fúnra mi ni mò ń kọ èyí o. Ìyàwó télọ̀ tó máa ń bá mi kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo ti já a sílẹ̀. Ṣé o rántí bàtà aláwọ̀ ewé tí o rà ránṣẹ́, tí o ní èmi ni mo tọrọ ẹ̀ nísàlẹ̀ lẹ́tà? Èmi ò tọrọ bàtà kankan. Nígbà tí bàtà dé, kò wọ̀ mí, àmọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó télọ̀ gba inú ẹ̀ wọlé láìjanpata. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ẹni tó bá mọ̀wé kọ, ó yẹ kéèyàn dúró sẹ́yìn ẹ̀ kó máa wò ó.

Fóònù tuntun tí o fi ránṣẹ́ ti dé pẹ̀lú, o ṣeun. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ kọ́kọ́ jà. Gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án ló máa ń bi mí bóyá mo gbà tàbí mi ò gbà. Mo ní mo gba kí ni? Kò sọ. Mo bá tẹ ibi tí wọ́n kọ pé mi ò gbà, torí mi ò lè gba nǹkan tí ẹbí mi ò mọ̀ sí, ó bá kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Báyẹn la ṣe wà, tí mò ń wò ó tó ń wò mí, títí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn fi gbà á lọ́wọ́ mi tó sì bá mi tẹ ibi tí wọ́n kọ pé mo gbà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń retí ẹni tó máa wá gba ohun tí nọ́ọ̀sì fi orúkọ mi gbà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù ló jẹ́ kí n jókòó ti bírò. Ọ̀rọ̀ oko ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nínú ẹbí. Jókòó dáadáa kí o tó máa kà á lọ.

Lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ni obìnrin kan wá bá mi lóko. Ó kéré, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ orí rẹ. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó fi dígí sójú, ó gbé kúlà sẹ́yìn alùpùpù. Mo rò pé ó fẹ́ ta ohun mímu ni, mo ti ń sọ fún un pé mi ò ra nǹkan. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní dókítà ni òun. Mo ní ara mi le. Ó ní òun kì í ṣe dókítà èèyàn, pé gbòǹgbò lòun ń wò. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Dókítà Gbòǹgbò.

Ó ní òun gbọ́ pé mo ṣì ní irú àgbàdo àtijọ́, èyí tí ìyá mi gbé fún mi nígbà tí mò ń lọ sílé ọkọ, pé òun fẹ́ kí n gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú mẹ́ta mìíràn tí òun mú wá, orí ilẹ̀ kan náà, poro kan fún irú kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà rí nǹkan tí mo rí? Tó bá jẹ́ àgbàdo lo fẹ́, oríṣi kan ò ha tó ọ? Kí lo fẹ́ fi mẹ́rin ṣe lórí ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni? Mo ní kó máa lọ. Ó tún wá. Nígbà tó wá ìgbà kẹta, ó gbé ọkọ́, ó sì bá mi kọ ebè títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó. Mo ní ó dáa, kó gbìn ín, ṣùgbọ́n ojú mi ò ní kúrò lára ẹ̀.

Ojú mi ò sì kúrò. Àgbàdo ti ga tó orúnkún kí n tó mọ ohun tó bá wá. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó hú igi àgbàdo kan, ó gé orí ẹ̀ sọnù. Ó sọ ọ́ nù! Ó wá gbá gbòǹgbò mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó gbọn erùpẹ̀ tó rọ̀ dànù, ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbo èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó rọra dà á sínú ìgò bíńtín, ó sì tì í bọ inú yìnyín tó wà nínú kúlà. Èmi tí mo ń rìn nínú oòrùn láti àárọ̀, erùpẹ̀ ló ń jókòó nínú òtútù. Ó tún fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, ó ya fọ́tò ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rán aṣọ fún un.

Mo pe bàbá yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní ẹ wò ó, ilẹ̀ wa ni ọmọ yìí ń jí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kó o, kí a má baà fura. Bàbá yín ní bó bá jẹ́ ìgò yẹn ló fi ń kó o, ọmọ ọmọ rẹ ni yóò parí ẹ̀. Wọ́n ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀.

Mo bá kò ó lójú. Mo ní kí lo ń wá nínú erùpẹ̀ mi? Ó jókòó sórí ebè, ó ní, "Ìyá, gbòǹgbò kì í dá gbé. Ó máa ń sun omi dídùn díẹ̀díẹ̀ sínú ilẹ̀, àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ojú ò lè rí á wá máa jẹ ẹ́. Bakitéríà la ń pè wọ́n. Irú àgbàdo kọ̀ọ̀kan ní omi tirẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń wá sídìí ọ̀kan yàtọ̀ sí àwọn tó ń wá sídìí èkejì. Àwọn kan ń bá a wá oúnjẹ, àwọn kan ń bá a lé àrùn."

Mo ní kí ló ń jẹ́ kí omi wọn yàtọ̀ nígbà tó jẹ́ òjò kan náà ni wọ́n ń mu? Ó ní jíìnì ni. Inú bí mi. Mo ní a kì í mu jíìnì nínú oko yìí, àfi bàbá àwọn ọmọ mi, àwọn náà ò sì tíì fún àgbàdo mu rí. Ó rẹ́rìn-ín títí dígí ojú ẹ̀ fi bọ́. Ó ní kì í ṣe ọtí, pé ohun tí ọmọ ń gbà lára ìyá àti bàbá ni, èyí tó jẹ́ kí imú rẹ dà bíi tèmi. Mo ní ìyẹn ni pé àgbàdo mi ń se oúnjẹ fún àlejò tí mi ò mọ̀, lórí ilẹ̀ mi, láìgba àṣẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Inú mi ò mọ́ sí àwọn àlejò yẹn. Ẹni tí ojú ò rí, tó ń jẹun nílé ẹni, tí kò kí èèyàn rí!

Bẹ́ẹ̀ la wà nígbà tí wàhálà dé.

O mọ àbúrò bàbá yín, ẹni tí mò ń pè ní Ọkọ Kékeré láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí. Kí n tètè sọ fún ọ, ibi tí mo bá ti pè é ní "ó" nínú lẹ́tà yìí, má rò pé mi ò gba ẹ̀kọ́ ilé. Inú ń bí mi ni. Bó o bá ń kà á sí èèyàn létí, kí o fi "wọ́n" sí i.

Oko ẹ̀ àti tèmi, poro kan péré ló là wọ́n láàárín. Lọ́dún yìí, ó ra irúgbìn tuntun, èyí tó wà nínú àpò dídán tí wọ́n ya ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí lára, ó sì gbìn ín káàkiri oko ẹ̀. Ó kọ́kọ́ hù dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀, ó ga ju tèmi. Ọkọ Kékeré máa ń dúró sí ààlà, á máa bi mí bóyá àgbàdo mi ń ṣàìsàn ni. Ìgbà tó yá, tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Ewé ń rọ, igi ń wó lulẹ̀ bí ẹni tó mutí yó. Bó bá fà á tu, gbòǹgbò ẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn. Àrùn náà rìn dé etí poro tó wà láàárín wa, ó sì dúró síbẹ̀. Tèmi ń ṣe fẹ́nfẹ́n nínú atẹ́gùn.

Ká ní mo mọ ohun tó ń bọ̀ ni, ǹ bá fẹ́ kí tèmi náà pọ́n díẹ̀, kí ojú má baà wà lára mi.

Ìdí ẹ̀rọ ìlọta ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo gbé igbá sílẹ̀, gbogbo ẹnu pa rọ́rọ́. Ìyàwó télọ̀, ẹni tó wọ bàtà mi, ló wá sọ ọ́ sí mi létí pé Ọkọ Kékeré ń bi gbogbo ayé pé, ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, oòrùn kan náà, kí ló dé tó jẹ́ pé oko ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun nìkan ni kò ṣe nǹkan kan? Ó ní òun rí mi pẹ̀lú àjèjì tó wọ ìbọ̀wọ́, a ń ri igi mọ́lẹ̀, a ń gbẹ́ ìdí àgbàdo, a ń kó nǹkan sínú ìgò. Ó ní a ti lé àìsàn kúrò nínú oko tèmi sínú oko tòun ni.

Ṣé o rí i, ọmọ mi? Èmi tí mo ń fura sí dókítà, èmi náà ni wọ́n ń fura sí nítorí dókítà.

Ó lọ bá Màmá Àgbà, ó ní kí wọ́n pe ẹbí jọ, kí wọ́n gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀ tí mo ti ń ro kí wọ́n tó bí ọ. Ilẹ̀ tí mo fi rán ọ níléèwé. Mo délé, mo jókòó, mi ò lè jẹun. Bàbá yín wá jókòó tì mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ rẹ̀ mí lẹ́kún ni. Wọ́n ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ó dá ọ lójú pé kò sí nǹkan kan tí o fi síbẹ̀?"

Mo dìde, mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọkọ Kékeré bí mi nínú, ṣùgbọ́n ti bàbá yín, mi ò mọ orúkọ tí màá pè é. Gbogbo ọjọ́ tí a fi jọ wà yìí.

Mo pe Dókítà Gbòǹgbò lórí fóònù. Ó ní òun á wá síbi ìpàdé ẹbí fúnra òun, òun á gbé ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wá, kí gbogbo wọn fi ojú ara wọn rí àwọn àlejò náà. Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Àfi bí òjò ńlá ṣe rọ̀ tí omi bo afárá. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó ní ọ̀nà ìgbèríko lòun máa gbà, pé òun ò ní lè yà sóko, kí n bá òun hú igi kan nínú irú àgbàdo kọ̀ọ̀kan, kí n dì í sínú ọ̀rá. Fóònù ń já. Mo gbọ́ "gbòǹgbò", mo gbọ́ "erùpẹ̀ ìdí ẹ̀", mo gbọ́ "dáadáa". Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa.

Ọmọ mi, gbọ́ mi yé, kí o tó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa nílé ìwòsàn pé bakitéríà ló ń fa inú rírun, pé ká máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Mo sì ti mọ̀ pé gbòǹgbò wọ̀nyí kún fún bakitéríà. Ṣé màá wá gbé ìdọ̀tí lọ síwájú Màmá Àgbà, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá mi lẹ́jọ́? Mo hú wọn. Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Mo fi bílíìsì tí mo fi ń fọ aṣọ funfun bàbá yín ṣàn wọ́n. Mo fi kànrìnkàn gbo abẹ́ gbòǹgbò níbi tí ọwọ́ ò dé. Mo sá wọn sóòrùn díẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n funfun bí eyín ọmọ tuntun. Inú mi dùn sí ara mi.

Palọ̀ Màmá Àgbà kún. Ọkọ Kékeré ti kó àgbàdo tó ti kú jọ síwájú, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé. Dókítà dé, ẹrẹ̀ bò ó dé ìbàdí. Ó kí gbogbo èèyàn, ó gbé ẹ̀rọ ẹ̀ sórí tábìlì, ó na ọwọ́ sí mi, mo gbé ọ̀rá fún un. Ó tú u. Ó wo inú ẹ̀. Ó tún wò ó. Ó mú gbòǹgbò kan jáde, ó gbé e súnmọ́ imú. Ó ní, "Ìyá, ta ló fọ èyí?"

Mo ní èmi ni. Mo ní mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan, bílíìsì lẹ́ẹ̀kan.

Ó rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó yọ dígí ojú ẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, ẹyin ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ó wá ṣàlàyé ní ohùn kékeré pé erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí, pé inú ẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Kó tó sọ ọ́ tán, Ọkọ Kékeré ti fò dìde. Ó nawọ́ sí mi. Ó ní, "Ẹ rí i bí? Ó ti fọ ẹ̀rí dànù! Bílíìsì ló fi fọ̀ ọ́! Ta ló ń fi bílíìsì fọ àgbàdo bí kì í ṣe ẹni tó ní nǹkan tó ń bò?"

Ilé dàrú. Mo wo bàbá yín. Bàbá yín ń wo ilẹ̀.

Mo rò pé ó ti parí fún mi. Ṣùgbọ́n o mọ Màmá Àgbà, wọ́n kì í pariwo. Wọ́n ní kí gbogbo ẹnu dákẹ́, wọ́n kọjú sí Dókítà Gbòǹgbò, wọ́n ní bí ẹlẹ́rìí bá ti kú, ṣé a lè rí òmíràn? Dókítà ronú. Ó wọ dígí ojú ẹ̀ padà. Ó ní a lè rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ òun ni yóò ti wá, kì í sì í ṣe ọwọ́ mi. Ọwọ́ Ọkọ Kékeré ni.

Ó ní kí ó lọ gbẹ́ erùpẹ̀ nínú oko tiẹ̀, níbi tí àgbàdo ti ń kú, kí ó dà á sínú garawa mẹ́ta. Garawa kìíní, kí ó gbin irúgbìn tuntun sí i. Ìkejì, kí ó gbin irú àtijọ́ tèmi. Ìkẹta, kí ó kọ́kọ́ yan erùpẹ̀ ẹ̀ lórí iná títí ohun alààyè kankan kò fi ní sí nínú ẹ̀, nígbà tó bá tutù, kí ó gé gbòǹgbò tó ń rà sí i kí àrùn lè padà wọ inú ẹ̀, kí ó wá gbin irú àtijọ́ sínú òun náà. Ó ní bó bá jẹ́ pé oògùn ni mo ṣe, oògùn ò ní lè tẹ̀lé e dé inú garawa tí mi ò fọwọ́ kàn. Bó bá sì jẹ́ pé àwọn àlejò ìdí gbòǹgbò ló ń gba tèmi là, níbi tí a ti yan wọ́n pa, àgbàdo tèmi náà yóò ṣàìsàn. Màmá Àgbà ní àgbàlá àwọn ni garawa yóò wà, nínú wáyà tí àwọn fi sé adìẹ mọ́, kọ́kọ́rọ́ yóò sì wà lọ́rùn àwọn.

Lọ́jọ́ kejì, Ọkọ Kékeré gbé agbada kaná, ó ń yan erùpẹ̀ bí ẹni ń yan ẹ̀pà. Òógùn bò ó. Àwọn tó ń kọjá ń bi í pé ṣé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀ nílé ẹ̀. Ó ń fi ìbínú rò ó. Èmi dúró sí ọ̀ọ́kán, mò ń wò ó kó má baà fi iyọ̀ sí i.

Láti ìgbà náà, a di ọlọ́dẹ. Ó máa ń wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti ṣọ́ garawa, kí n má baà fọwọ́ kàn án. Èmi náà á wá láti ṣọ́ ọ. Màmá Àgbà jókòó nínú ilé, wọ́n ń ṣọ́ àwa méjèèjì. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó jókòó sí ìhà ibí, mo dúró sí ìhà ọ̀hún, wáyà adìẹ wà láàárín. Lọ́jọ́ kan ó kàn sọ fún atẹ́gùn pé èyí tó wà nínú garawa ìkejì ti yọ ewé. Mo sọ fún adìẹ pé mo ti rí i. Nígbà tó ṣe, mo dé, mo rí àpótí ìjókòó kan níbi tí mo máa ń dúró sí. Mi ò béèrè ẹni tó gbé e síbẹ̀. Mo kọ́kọ́ wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa kí n tó jókòó.

Ó sọ fún mi níbẹ̀, láìwo ojú mi, pé gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ òun lòun kó lé irúgbìn aláàpò dídán yẹn. Ó ní òun fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun fi òun yangàn lẹ́ẹ̀kan. Ó ní nígbà tí òun rí àgbàdo mi tó ń fì, ó dà bíi pé ó ń fi òun rẹ́rìn-ín. Mo ní àgbàdo ò léyín kó tó gbó. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Ọmọ mi, garawa kìíní pọ́n. Ewé ẹ̀ rọ, ó wó. Garawa ìkejì, tèmi, nínú erùpẹ̀ búburú kan náà, dúró gbọin. Ṣùgbọ́n ìkẹta ni gbogbo wa ń wò, mo sì jẹ́wọ́ fún ọ pé mo ń gbàdúrà nínú ara mi kí ó má kú, torí irú ìyá mi ni, bẹ́ẹ̀ èmi kan náà ló tún gbọ́dọ̀ wù kí ó kú kí wọ́n lè dá mi láre. Ó pọ́n. Ó wó. Irú tèmi kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbèjà ẹ̀ nínú erùpẹ̀ yíyan yẹn.

Màmá Àgbà pe gbogbo wọn. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn hú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dókítà Gbòǹgbò gbé ẹ̀rọ ẹ̀ wá, ó fi erùpẹ̀ ìdí ìkejì sábẹ́ ẹ̀, gbogbo wa tò láti yọjú. Mo yọjú. Wọ́n pọ̀! Wọ́n ń ṣe wọ̀ù-wọ̀ù bí èèyàn lọ́jọ́ ọjà. Mo kí wọn. Kò sí èyí tó dáhùn, ṣùgbọ́n mi ò bínú. Dókítà ní ká má rò pé ó ti tán o, pé kì í ṣe gbogbo irú àtijọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo irú tuntun ni kò dáa, pé ohun tó jẹ́ kí tèmi mọ irú àlejò tí yóò pè lòun ń wá kiri. Màmá Àgbà ní àwọn ti gbọ́ èyí tó kan àwọn. Ilẹ̀ ìyàwó wa, ilẹ̀ ìyàwó wa ni. Wọ́n wọlé.

Ọkọ Kékeré ò bẹ̀ mí. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn, bí ìyá wọn ṣe bí wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé oko lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti ro gbogbo oko tiwọn mọ́lẹ̀, wọ́n kó èyí tó rà jọ, wọ́n sun ún, wọ́n sì ti bá mi ro ìdajì tèmi. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, bó bá di ìgbà tí a ó tún gbìn, ẹ ó fún mi ní irú yẹn díẹ̀." Mo ní màá rò ó. Mo ti rò ó, màá fún wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ dúró díẹ̀ ná.

Dókítà Gbòǹgbò náà tọrọ irúgbìn. Ó fẹ́ gbé e lọ sí iléeṣẹ́ wọn nílùú tí o wà, kí wọ́n fi fẹ́ àgbàdo tuntun, kí ọmọ tí wọ́n bá bí ga bíi bàbá ẹ̀, kó sì mọ àlejò pè bí ìyá ẹ̀. Mo ní ta lọkọ náà? Irú ẹbí wo ló ti wá? Mo fún un ní ẹ̀kúnwọ́ kan, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Jọ̀ọ́, ọjọ́ tí o bá ráyè, lọ síbẹ̀, má sọ pé o ń bọ̀. Wo ibi tí wọ́n gbé e sí, wo bóyá wọn ò fi han ẹlòmíràn pé tàwọn ni. Bí wọ́n bá fún ọ ní ìwé tó ní kí o gbà, má gbà.

Jọ̀wọ́ bá mi fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, ohun tí agbára rẹ bá gbé. Mo fẹ́ ra wáyà yí oko ká, èèyàn ti ń pọ̀ jù tó ń wá wo ìdí àgbàdo. Má fi gba báńkì. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí n ní nọ́ńbà àṣírí kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mọ̀, mo sì pa á mọ́ débi pé èmi náà ò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni. Fi rán ẹni tí mo mọ ìyá ẹ̀.

Ó ku bàbá yín. Lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mi ò ṣe nǹkan kan. Mo ń gbé oúnjẹ fún wọn, mo ń kí wọn, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn ṣeré. Lánàá, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń ṣa àgbàdo tí màá fi ṣe irúgbìn, mò ń yín in. Wọ́n wá, wọ́n dúró, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n gbé e sósì. Wọ́n wá jókòó sílẹ̀, sílẹ̀ gan-an, nínú háhá àgbàdo, wọ́n ní, "Báwo lo ṣe ń mọ èyí tí o máa mú?"

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ wọn ni wọ́n ti ń jẹ àgbàdo yìí. Wọn ò bi mí rí.

Mo wò wọ́n títí. Mo gbé ọ̀kan lé wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, mo fi ibi tí wọ́n á wò hàn wọ́n. Wọ́n mú èyí tí kò dáa, mo gbà á, wọ́n mú òmíràn. A ṣe é títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni mo sọ fún wọn o. Mo sọ díẹ̀, mo fi díẹ̀ sẹ́nu. Ìyókù, ìwọ ni màá sọ ọ́ fún, mi ò sì ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ọwọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ máa gbé. Wá sílé. Ìwọ àti èmi á lọ síbi tí etí kankan kò sí.

Kí ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ gbà ọ́. Kí ó má rẹ àwọn tí o kò rí, tí wọ́n ń gbèjà rẹ lẹ́yìn. Kí ohun tí mo gbé fún ọ láti inú mi wá pe ẹni rere sọ́dọ̀ rẹ níbikíbi tí wọ́n bá gbìn ọ́ sí.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò tíì sùn lójú méjèèjì.